Ẹ́ńjìnnì Pupa Ìlú Ọ̀fungbẹ

Ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹni tí kò bá rí àpótí, kí ó fẹ̀yìn ti ògiri. Ẹni tí kò bá rí ògiri, kí ó fẹ̀yìn ti ẹnì kejì rẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹ kò wá jókòó. Mo mọ̀ pé Baálẹ̀ ti wọ agbádá, pé àwọn obìnrin ti to korobá síwájú ilé ẹ̀rọ omi, pé èmi nìkan ni gbogbo ìlú ń dúró dè kí n wá fi ọwọ́ àgbà yí ẹ́ńjìnnì tuntun tí a rà, kí omi lè máa ti inú kànga jáde. Ẹ óò dúró díẹ̀ ná. Orúnkún mi le gan-an láti ìdájí òní, ọ̀rọ̀ kan sì há mi lọ́fun tí n kò lè gbé dé iwájú Baálẹ̀. Ìyá Ṣìkírà, má wò mí báyẹn. Ìwọ ni olórí àwọn tó ń bójú tó omi, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ìkómọ rẹ, èmi ni mo pa ẹran tí wọ́n jẹ. Fara balẹ̀.

Ẹ wò mí dáadáa. Èmi ni Ọdẹ́ṣèyè tí ẹfọ̀n rí létí odò tó yà sọ́nà mìíràn, tó tún ránṣẹ́ sílé pé òun kò rí mi. Èmi ni mo yìnbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo tí etu méjì ṣubú, tí ẹ̀kẹta jókòó, ó ní òun náà ti gbọ́. Ẹ rẹ́rìn-ín, kò burú. Ṣùgbọ́n ìrìn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹ̀rù ni mo fi rìn ín láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, bí mo bá sì rántí rẹ̀ lónìí, àyà mi ṣì ń já.

Ọmọ méjì péré ni ìyá wa bí. Akínfẹ́nwá ni àkọ́bí, èmi ni mo tẹ̀ lé e. Òun ló kọ́ mi ní ìbọn, òun náà ló kọ́ mi ní iṣẹ́ ẹ́ńjìnnì, nítorí nígbà náà, bí a bá ti ìgbẹ́ dé ní àárọ̀, ìdí ẹ́ńjìnnì tí wọ́n fi ń lọ gbágùúdá ni a máa ń wà títí di ìrọ̀lẹ́. Ọmọńdinrín kò sí ní ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀gbọ́n mi, ìbọn ló gé e. Ẹ fi ìka yẹn sọ́kàn. Ọlọ́gbọ́n ni, ó láàánú, gbogbo ìlú ń pè é ní Ọ̀gá. Àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe é: kò lè sọ pé òun kò mọ̀. Bí o bá bi í ní ohun tó wà lẹ́yìn òṣùpá, á ní òun ti débẹ̀ rí, òjò ni kò jẹ́ kí òun pẹ́.

Ó wọ Igbó Àìwẹ̀yìn lọ ní ọjọ́ kan, kò bọ̀. Oṣù kan lọ, oṣù méjì lọ. Ní oṣù kẹta, ẹyẹ àgbìgbò kan bà lé orí òrùlé wa ní kùtùkùtù, ó sì la ẹnu bí ènìyàn. Ó ní, "Akínfẹ́nwá ń di òpó ní Ìlú Ọ̀fungbẹ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti di igi. Igi náà ń gòkè." Bó ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ló fò lọ.

Ìyá wa kò sunkún. Ó gbé oúnjẹ tó ń jẹ sílẹ̀, ó nu ọwọ́, ó wò mí. Ó ní, "Ọdẹ́ṣèyè, lọ mú ẹ̀gbọ́n rẹ wá. Bí o bá dá nìkan bọ̀, ẹ̀yìnkùlé ni kí o gbà wọlé. Má jẹ́ kí n rí ẹsẹ̀ méjì níbi tí mo ti ń retí mẹ́rin."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Mo gbé ìbọn mi kọ́ èjìká, mo kó sípánà, òòlù, ayùn àti irin ìlu tí a fi ń dá ihò sí irin sínú àpò ọdẹ, mo sì wọ inú igbó náà lọ.

Ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì nínú Igbó Àìwẹ̀yìn ni iwin kan jókòó sí. Ikùndún lorúkọ rẹ̀. Ikùn rẹ̀ ga ju ilé yìí lọ, ó ń dán bí orí apárí tó para, ó sì ń dún: gbìrìrì, gbìrìrì. Egungun àwọn ọdẹ ló fi tẹ́ ìdí jókòó. Bó ti rí mi, ó ní, "Ọmọ aráyé, sọ orúkọ àwọn mẹ́ta tó máa ń kọ́kọ́ ba nǹkan jẹ́ kí wọ́n tó ṣe é lóore. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ọ̀sán ti ń pọ́n, mi ò sì tíì jẹun."

Orí mi wú. Mo ní, "Aránṣọ ni àkọ́kọ́. Ó ń gé aṣọ kí ó tó rán an."

Ó ní, "Ó ku méjì."

Mo ní, "Àgbẹ̀ ni ìkejì. Ó ń fi ọkọ́ ṣá ilẹ̀ kí ó tó gbin nǹkan sí i."

Ó ní, "Ó ku ọ̀kan." Ó sì ti ń lá ètè.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, n kò mọ ìkẹta. Ìgbà tí mo ń wá ọ̀rọ̀ ni mo wá gbọ́ ikùn rẹ̀ dáadáa, mo sì mọ ìró yẹn. Ìró ohun tó há ni. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, kí ló wà nínú yín?"

Ó ní, "Èmi náà kò mọ̀. Láti kékeré mi ló ti ń dùn mí. Gbogbo ẹni tó ń kọjá ń sọ pé ikùn mi dán, ikùn mi dára. Kò sí ẹni tó bèèrè ohun tó wà nínú rẹ̀ rí."

Mo ní, "Ẹ ya ẹnu." Ó ya ẹnu. Mo wọlé dé èjìká, mo tì, mo fà, ó ké, mo tún fà, mo sì yọ odindi ọmọ ọlọ kan jáde, èyí tí ó gbé mì nígbà tó wà lọ́mọdé. Ikùn rẹ̀ dákẹ́ wẹ́lo. Omijé bọ́ lójú iwin náà. Ó ní, "Ìwọ gan-an ni ìkẹta. O kọ́kọ́ pa mí lẹ́kún kí o tó wò mí sàn." Ó fún mi ní ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan. Ó ní, "Fi ìdí rẹ̀ kan ohun tó ń ṣàìsàn, fi orí rẹ̀ sí etí rẹ. Á sọ ibi tó ń dùn ún." Mo gbà á, mo dúpẹ́, mo sì sáré, nítorí ojú iwin kì í pẹ́ yí padà.

Báyìí ni mo ṣe dé Ìlú Ọ̀fungbẹ. Àwọn ará ìlú náà, ọrùn wọn gùn bí igi ìbẹ́pẹ, òǹgbẹ ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn. Ibi tí a ti ń sọ pé "ẹ kú àárọ̀," "ẹ kú òǹgbẹ" ni wọ́n ń sọ. Kànga kan ṣoṣo ni wọ́n ní. Bí o bá ju òkúta sínú rẹ̀ ní àárọ̀, alẹ́ ni wàá gbọ́ tó bọ́ sómi. Okùn kò tó o, apá kò ká a. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ra ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kékeré kan lọ́wọ́ oníṣòwò kan tó ti òkè òkun dé. Orí pèpéle ni wọ́n dè é mọ́ létí kànga kí ó máa fa omi. Ó pupa fòò, kẹ̀kẹ́ irin rẹ̀ méjèèjì sì jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò. Wọ́n ró o láṣọ àrán, wọ́n ń kí i ní ìyàwó, wọ́n sì fi òfin dè é pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ tú u, nítorí ohun tuntun ni.

Mo wọ inú ilé ẹ́ńjìnnì náà. Òpó mẹ́fà ló gbé òrùlé rẹ̀ dúró. Mo wo òpó àkọ́kọ́, mo rí imú. Mo wo ìkejì, mo rí ojú méjì tó dì. Ènìyàn ni wọ́n! Ní igun keje, wọ́n ti gbẹ́ ihò sílẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi Akínfẹ́nwá ló sì dúró nínú rẹ̀. Láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orúnkún, igi ni.

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ìnira, bọ̀ọ̀dá mi."

Ó ní, "Ìnira wo? Ẹsẹ̀ ló ń kú mi díẹ̀." Ó tún wò mí. "Ṣèyè, ta ló rán ọ wá?"

"Màámi ni."

"O ti jẹun?"

Ibi tí ọ̀rọ̀ yẹn ti dùn mí, ẹ má bi mí.

Ọba wọn wọlé, Ọlọ́fungbẹ fúnra rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ wọlé kí ara rẹ̀ tó dé. Ó ní, "Ìwọ àlejò, gbọ́ òfin ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá sọ fún wa pé nǹkan dára, tí kò sì dára, á di igi díẹ̀díẹ̀. Àwọn mẹ́fà wọ̀nyí wo ẹ́ńjìnnì wa, wọ́n ní ó dára. Ẹ̀gbọ́n rẹ náà wò ó, ó ní ó dára. Ó ṣiṣẹ́ fún wákàtí mẹ́ta, ó sì kú. Bí ẹ́ńjìnnì yìí bá ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí oòrùn bá yọ títí yóò fi wọ̀, igi á sọ̀ kalẹ̀ lára ẹ̀gbọ́n rẹ. Bí igi bá bo ẹnu rẹ̀, òpó keje dé nìyẹn. Òfin kejì: kí ẹ́ńjìnnì tó ti kú yìí tó tún mu epo, gbogbo ọwọ́ tó kàn án tí ẹnu olúwa rẹ̀ ṣì ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ ohun tó ṣe tí kò dára. Ẹnìkan kì í jẹ́wọ́ fún ẹlòmíràn. Bí ọwọ́ kan bá pa tirẹ̀ mọ́, ẹ́ńjìnnì kò ní dáhùn."

Mo bèèrè pé ọjọ́ mélòó ni igi á fi dé ẹnu. Ó ní ọjọ́ márùn-ún. Ó ní kí n jáwọ́ nínú òwò náà bí kò bá dá mi lójú, kí n máa lọ sílé. Mo rántí ẹsẹ̀ méjì àti ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mo ní, "Kábíyèsí, ẹ bá mi wá karosíìnì àti àkísà." Karosíìnì kò wọ́n wọn níbẹ̀. Omi ni wọn kò ní.

Mo kọ́kọ́ fi ọ̀pá ìyí sí i, mo fẹ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kò yí. Ó ti gan pa. Mo wá fi ọ̀pá Ikùndún kàn án nínú, mo fi etí sí i. Ẹ wo ohun tí mo gbọ́! Ó ń dún bí ẹni tó ń jẹ gààrí tí iyanrìn wà nínú rẹ̀. Mo mú sípánà.

Ẹ̀gbọ́n mi pariwo, "Kí lo fẹ́ ṣe?"

"Mo fẹ́ tú u ni, bọ̀ọ̀dá mi."

"Ẹ́ńjìnnì tuntun! Ṣèyè, o ti ya wèrè? Ta ló ń tú ohun tuntun? Epo ni kò dára. Ní kí wọ́n pààrọ̀ epo."

Mo ní, "Ọdẹ kì í sun ẹran láìla inú rẹ̀. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi."

"Mo ní gbé sípánà yẹn sílẹ̀! Bó bá jẹ́ pé èmi ni mo ṣáájú rẹ dáyé, gbé e sílẹ̀!"

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀gbọ́n, ẹ mọ ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré, n kò sọ pé rárá fún ọkùnrin yìí rí. Mo tún dọ̀bálẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kí ó forí jì mí, mo dìde, mo sì fi sípánà kọ́ nọ́ọ̀tì. Àwọn ará ìlú ta gìrì, obìnrin kan fi ọwọ́ lérí, ó ní mo ń pa ìyàwó wọn. Ọlọ́fungbẹ gbé ọwọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ní, "Kí ó máa tú u lọ. Igun kẹjọ ṣì ṣófo."

Ilẹ̀kùn kékeré kan wà ní ẹ̀gbẹ́ ẹ́ńjìnnì náà, ibi tí ènìyàn ti lè wo ikùn rẹ̀. Nígbà tí mo fẹ́ tú u, mo rí i pé ọ̀dà ti họ lára nọ́ọ̀tì rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Sípánà ti kàn án ṣáájú mi. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ta ló ti ṣí ibí rí?" Ó wo òrùlé, ó ní, "Àwọn tó ṣe é ni. Ta ni ìbá tún jẹ́?"

Mo ṣí i. Orí ló yọ mí tí n kò ké. Àwọn tó ń yọ́ irin, iyanrìn ni wọ́n fi ń mọ àpẹẹrẹ ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe, inú rẹ̀ ni wọ́n á da irin yíyọ́ sí. Bí irin bá tutù, ó yẹ kí wọ́n gbọn iyanrìn náà dànù, kí wọ́n fọ inú irin mọ́ tónítóní. Àwọn ọ̀lẹ tó ṣe eléyìí kò fọ nǹkan kan. Wọ́n kun ọ̀dà pupa lé iyanrìn lórí, wọ́n bò ó bí ẹni tó fi ẹní bo ìdọ̀tí nítorí àlejò. Ọ́ìlì ti gbóná, ó ti bó ọ̀dà náà, iyanrìn sì ti bá ọ́ìlì lọ sí gbogbo oríkèé ẹ́ńjìnnì. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá!

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló já mi láyà jù. Lórí iyanrìn tó kóra jọ ní igun kan tí ọ̀dà àti ọ́ìlì kò dé, ojú ọwọ́ wà níbẹ̀. Ẹnìkan ti ki ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó ti fi ìka wọ́ iyanrìn náà wò. Mo ka ojú ìka. Mẹ́ta ni. Ibi tó yẹ kí ọmọńdinrín wà, kò sí nǹkan.

Mo gbé ojú sókè wo ẹ̀gbọ́n mi. Ó gbé ojú kúrò lọ́dọ̀ mi.

Kí ni ẹ óò ṣe bí ẹ bá jẹ́ èmi? Ẹ ní ẹ óò sọ ọ́? Irọ́ ni. Ẹ kò ní lè wo ojú ẹni tó pọ̀n yín kọjá odò kí ẹ pè é ní òpùrọ́ lójú ọba. Mo ki àkísà bọ inú karosíìnì, mo sì nu ojú ìka mẹ́ta náà kúrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, igi dé ìbàdí rẹ̀.

Ọjọ́ kejì, mo tú ẹ́ńjìnnì náà tán pátápátá. Mo to irin rẹ̀ sórí ẹní láti ńlá dé kékeré, n kò sì jẹ́ kí ewúrẹ́ sún mọ́ ọn. Mo fi karosíìnì fọ̀ ọ́, mo fi irun ọ̀pẹ họ ọ́, mo tún fọ̀ ọ́. Bí mo bá fọ̀ ọ́ tán, màá fi aṣọ funfun nù ún nínú. Bí aṣọ bá jáde pẹ̀lú iyanrìn, ó di àtúnfọ̀. Ìgbà mọ́kànlá ni aṣọ jáde pẹ̀lú iyanrìn. Igi dé àyà.

Ọjọ́ kẹta ni mo rí i pé ihò tí ó yẹ kí ọ́ìlì gbà dé ara bẹ́rìn, ibi tí ọ̀pá ńlá inú ẹ́ńjìnnì ti ń yí, kò lu já. Wọ́n lù ú dé ìdajì, bóyá ọ̀sán pọ́n, wọ́n lọ jẹun, wọ́n gbàgbé. Ọwọ́ lásán ni mo fi yí irin ìlu láti àárọ̀ títí oòrùn fi yẹ̀ kí ó tó já. Lẹ́yìn náà, mo fi èédú àtùpà kun ọ̀pá náà, mo gbé e lé bẹ́rìn, mo yí i, mo gbé e kúrò. Ibikíbi tí èédú bá ràn mọ́, ibẹ̀ ló ga jù. Ọ̀bẹ ìdúnbú mi ni mo fi ń ha á díẹ̀díẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ṣùgbọ́n ta ló ń rí pẹ̀lẹ́ ṣe nígbà tí igi ń han lẹ́yìn rẹ̀? Mo máa ń gbọ́ ọ: kẹ̀rẹ̀, kẹ̀rẹ̀, igi ń gun ẹ̀gbọ́n mi lára. Igi dé abíyá, apá rẹ̀ méjèèjì sì gan bí ẹ̀ka.

Ọjọ́ kẹrin, mo rí i pé kẹ̀kẹ́ irin méjèèjì ń mì nítorí pé irin kékeré tó yẹ kó há wọn mọ́ ọ̀pá ńlá náà ti tín-ín-rín jù. Páànù agolo ni àwọn oníjìbìtì náà fi wé e kó lè nípọn. Kò sí irin líle mìíràn nítòsí. Mo wo ìbọn mi. Ẹ má jẹ́ kí n purọ́, mo sunkún. Mo gé ọ̀pá irin tí mo fi ń ki ẹ̀tù, mo fi ayùn yún un títí ó fi ṣe wẹ́kú. Ọdẹ tí kò lè kìbọn nínú igbó iwin, kí ló ṣẹ́kù fún un? Ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan. Mo to ẹ́ńjìnnì náà padà, mo fi ọwọ́ yí i, ó sì yí wọ́ọ́rọ́wọ́. Igi dé ọrùn ẹ̀gbọ́n mi.

Lẹ́ẹ̀mẹrin láàárín ọjọ́ yẹn ni mo jókòó tì í. Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ kò ní ohun tí ẹ fẹ́ bá mi sọ?" Ó ní rárá. Lẹ́ẹ̀karùn-ún, ó ní, "Ṣèyè, ikú yá ju ẹ̀sín lọ."

Mo ní, "Òótọ́ ni. Ta ni yóò sọ ọ́ fún Màámi?"

Ó di ojú.

Ọjọ́ karùn-ún dé. Oòrùn kò tíì yọ tí gbogbo ìlú ti pé, ọrùn wọn nà sókè lọ súà. Igi ti bo àgbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi, ó ń fi ọwọ́ kan ètè ìsàlẹ̀. Ọlọ́fungbẹ ní, "Kí ọwọ́ jẹ́wọ́."

Mo na ọwọ́ mi méjèèjì síwájú. Mo ní, "Èmi Ọdẹ́ṣèyè, mo jẹ́ kí ẹ rò pé ọ̀gá ni mí nínú iṣẹ́ yìí. Ẹ́ńjìnnì gbágùúdá mẹ́rin péré ni mo dá tú rí. Lánàá, nọ́ọ̀tì kan bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́ sínú kànga, mo fi ọ̀kan tí mo yọ lára àpótí ìjókòó yín dípò rẹ̀. Mo sì tún rí ohun kan ní ọjọ́ kìíní, mo nù ún kúrò, n kò sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo da epo sí i. Mo yí i. Kẹ̀kẹ́ sáré, ẹ́ńjìnnì mí kanlẹ̀, ó dákẹ́. Mo tún yí i. Ó dákẹ́. Oòrùn ti fẹ́ yọ.

Ọba ní, "Ọwọ́ kan ṣẹ́kù."

Mo ju ara mi sílẹ̀ gbalaja níwájú ẹ̀gbọ́n mi, iwájú orí mi kan ilẹ̀. Mo sọ ọ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ pé, "Bọ̀ọ̀dá mi, mo ti fi karosíìnì nu ìka mẹ́ta yẹn. Kò sí ẹni tí yóò rí i láé. N kò ní sọ ọ́, wọn ì báà pa mí. Ṣùgbọ́n n kò lè bá yín jẹ́wọ́. Màámi gbé oúnjẹ sílẹ̀ láti ọjọ́ tí mo ti kúrò nílé. Ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ń retí. Ẹ ṣàánú mi, ẹ má jẹ́ kí n gba ẹ̀yìnkùlé wọlé."

Igi han: kẹ̀rẹ̀. Ètè ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti di epo igi. Ó wá fi èyí tó kù sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ kò sì jọ ti Ọ̀gá mọ́.

Ó ní, "Mo rí iyanrìn náà. Mo ṣí i, mo fọwọ́ kàn án, mo mọ̀ pé yóò kú. Ẹ ti ń jó. Ẹ ti ń gbé ìkòkò bọ̀. Ẹ pè mí ní Ọ̀gá. Mo wo ojú yín, mi ò lè sọ ọ́. Mo dé e padà. Mo ní ó dára."

Mo fò dìde. Mo yí ọ̀pá náà lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì. Ó wúkọ́, èéfín dúdú jáde, ó tún wúkọ́, ó sì mú un: tù-kù, tù-kù, tù-kù! Omi tí kò rí ojú ọjọ́ rí ti ìsàlẹ̀ ayé gòkè wá, ó ya sórí àwọn ọlọ́rùn gígùn. Ariwo ta. Èmi kò jó o. Mo fi ọ̀pá Ikùndún sí etí, mo jókòó ti ẹ́ńjìnnì náà láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Mò ń fọwọ́ kan bẹ́rìn: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò gbóná. Mò ń wo ẹ̀gbọ́n mi: igi kúrò ní ètè. Ọ̀sán, ó kúrò ní àyà. Nígbà tí oòrùn wọ̀, ó yọ ẹsẹ̀ nínú ihò, ó ṣubú lé mi, àwa méjèèjì sì sunkún bí ọmọ ọwọ́.

Igi kò kúrò ní gìgísẹ̀ òsì rẹ̀. Ọba ní ti ọjọ́ mẹ́rin tó fi pa ẹnu mọ́ nìyẹn. Kí a tó lọ, mo fọwọ́ kan òpó mẹ́fà náà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo kí wọn pé ó dìgbóṣe. Ẹnu wọn ti di tipẹ́tipẹ́, kò sí ohun tí mo lè ṣe. Bí a ti gba inú igbó kọjá láìní ìbọn, ìtàn ọ̀tọ̀ ni. Ikùndún ló sìn wá dé etí igbó, ó ń kọrin, ohùn rẹ̀ burú.

Inú ilé ni ìyá wa wà nígbà tí a dé. Kò rí wa, ó gbọ́ ni: ẹsẹ̀ mi méjì, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi kan, àti kò, kò, kò. Ó ké láti inú yàrá, ó ní, "Mẹ́rin ni! Mo kà á, mẹ́rin ni!" Títí Akínfẹ́nwá fi kú, bó bá ń rìn lórí símẹ́ńtì, ẹ ó gbọ́ ọ. Àwọn àgbà inú yín rántí. Wọ́n rò pé ejò ló bù ú jẹ.

Ó dáa. Ìyá Ṣìkírà, jókòó, mi ò tíì parí.

Lánàá, ẹ mú mi lọ wo ẹ́ńjìnnì tuntun wa, ẹ ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo yí i po lẹ́ẹ̀mẹta. Mo fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán. Oòrùn mú, ìgalà ti jinná nílé Baálẹ̀, ẹ sì ń pè mí ní Ọ̀gá. Mo ní, "Ó dára." Ẹ pàtẹ́wọ́. N kò ṣí ilẹ̀kùn ikùn rẹ̀. N kò tú nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo lára rẹ̀. Mo lọ jẹ ìgalà.

Ìdájí òní ni orúnkún mi bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ lè sọ pé ọjọ́ orí ni. Mo ti fọwọ́ kàn án láti àárọ̀, n kò mọ̀ bóyá ẹran ara ni tàbí nǹkan mìíràn. Inú ẹ́ńjìnnì yẹn náà, bóyá ó mọ́, bóyá kò mọ́. Èmi Ọdẹ́ṣèyè, ọ̀gá ọdẹ, mo ń sọ ọ́ lójú gbogbo yín: n kò mọ̀.

Ó dáa, ẹ máa wò mí.

Ìyá Ṣìkírà, kí lo sọ? Sọ ọ́ sókè.

O ní sípánà wo ni kí wọ́n gbé wá?

Gbogbo rẹ̀, ọmọ mi. Gbé gbogbo rẹ̀ wá, pẹ̀lú karosíìnì àti aṣọ funfun. Ẹ ránṣẹ́ sí Baálẹ̀ kó bọ́ agbádá, omi kò ní yọ lónìí. Ó yá, ẹ fà mí dìde. Ẹ rọra. Ẹ wò ó, orúnkún mi ti ń tẹ̀.